Káàdì Ìkíni Ọdún Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Kíkójọ àti Títọ́jú Wọn ní Alímọ̀ṣọ́ àti Nílẹ̀ Yorùbá

Káàdì ìkíni ọdún ni páálí pẹlẹbẹ tí a ya àwòrán sí, tí a sì tẹ ọ̀rọ̀ ìkíni sí lára, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń kí òbí, ọ̀rẹ́, ọ̀gá àti alábàáṣiṣẹ́ wọn tí ó jìnnà kú ọdún, ìbáà ṣe Kérésìmesì, Ọdún Tuntun, Àjíǹde, Ìtúnu Àwẹ̀ tàbí Iléyá. Ẹ̀yà rẹ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni póòsìkáàdì, tí í ṣe ẹyọ páálí kan tí kò nílò àpòòwé, tí àwòrán wà lójú rẹ̀, tí àdírẹ́sì àti sítáǹpù sì wà lẹ́yìn. Èkejì ni káàdì tí a ká sí méjì, tí a ń fi sínú àpòòwé, tí àyè sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ àdúrà gígùn. Méjèèjì ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń kó jọ káàkiri ayé, tí wọ́n ń rà, tí wọ́n ń tà, tí àwọn onímọ̀ sì ń kọ ìwé lé lórí. Nínú gbogbo ohun tí a ti kó jọ bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn Yorùbá fi kí ara wọn ni ó kéré jù, òun náà gan-an ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wá, nítorí pé inú ilé àwọn àgbà ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó àti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó ni ó ṣẹ́kù sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń ṣègbé.

Ìlú òyìnbó ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1843, Henry Cole ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé lẹ́tà tí ó yẹ kí òun fèsì sí nígbà Kérésìmesì ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ òun ká lọ, ó sì ní kí ayàwòrán John Callcott Horsley ya káàdì kan fún òun. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀, ṣílè kan ni wọ́n sì ń ta ẹyọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1869 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Austria-Hungary gbé póòsìkáàdì àkọ́kọ́ jáde, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e ní ọdún kan lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó di 1874, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè méjìlélógún pàdé ní ìlú Bern ní Switzerland, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó mú kí ìwé lè ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn lábẹ́ òfin kan náà. Títí di 1902, àdírẹ́sì nìkan ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a kọ sí ẹ̀yìn póòsìkáàdì, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí ènìyàn ní láti fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ní ọdún náà ni wọ́n gbà kí a fa ìlà sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wà ní apá òsì, kí àdírẹ́sì wà ní apá ọ̀tún. Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1905, Amẹ́ríkà ní 1907.

Láti ìgbà náà títí di Ogun Àgbáyé Kìíní ni póòsìkáàdì gbòde jù. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n mọ iṣẹ́ títẹ̀ rẹ̀ jù lọ, nípa ọ̀nà ìtẹ̀wé tí wọ́n fi ń ya àwòrán sórí òkúta pẹlẹbẹ, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òkúta tirẹ̀, débi pé káàdì kan lè gba abẹ́ òkúta mẹ́wàá kọjá kí ó tó parí. Láàárín ọdún kan tí ó parí ní oṣù Kẹfà 1908, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gbé póòsìkáàdì tí ó lé ní 677 mílíọ̀nù, nígbà tí iye ènìyàn ibẹ̀ kò tíì pé 90 mílíọ̀nù. Ilé iṣẹ́ Raphael Tuck ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Winsch ní New York, àti àwọn obìnrin ayàwòrán bíi Ellen Clapsaddle àti Frances Brundage, ni orúkọ wọn ṣì ń mú kí olùkójọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù na owó lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn káàdì tí Henry Cole tẹ̀ ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001 ní iye owó £22,500. Ọ̀rọ̀ owó yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbéyẹ̀wò yìí, àfi ní ti pé ó máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkójọ ní Èkó, tí wọ́n á máa wá káàdì oníyìnyín láti òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí èyí tí ìyá àgbà wọn gbà ní 1968 wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wà ní Èkó láti 1852, sítáǹpù tí ó gbé orúkọ Lagos sì bẹ̀rẹ̀ ní 1874. Ilé ìtàwé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, tí ó ti wà láti 1869, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń ra káàdì alálàyé ìlú, èyíinì ni póòsìkáàdì tí ó fi òpópónà, ọjà, ọ̀sà tàbí ilé ńlá hàn. George S. A. da Costa ni ó bójú tó ilé ìtàwé náà láti 1877 títí di 1895, kí ó tó kọ́ṣẹ́ fọ́tò yíyà, tí ó sì ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Èkó ní 1895 kan náà. Neils Walwin Holm, ọmọ Gold Coast tí ó fi Èkó ṣe ibùgbé, ya fọ́tò tí wọ́n fi ṣe póòsìkáàdì, ó sì wà lára àwọn tí ó lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1900. Ní Bonny, Jonathan Adagogo Green ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú ní 1905. Ní Freetown, Alphonso àti Arthur Lisk-Carew, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, sọ káàdì di òwò tí ó lókìkí. Ní Lomé, Alex Acolatse bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní ayé àwọn ará Jámánì. Ní Dakar, Edmond Fortier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì tí ó fi gbogbo apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé hàn.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ òyìnbó ni gbogbo káàdì ayé ìjọba amúnisìn. Àwọn tí ó ya fọ́tò náà kì í ṣe òyìnbó ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yà á fún ni, èyí sì hàn lára káàdì fúnra rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti ajíhìnrere tí ó wà ní Èkó a máa ra káàdì Marina tàbí ti ọjà kan, wọn a kọ ìkíni Kérésìmesì sí i lọ́wọ́, wọn a sì fi í sínú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Liverpool. Àwọn tí ó bá sì fẹ́ kí ó bá ọdún gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Ní Tógò, àwọn ará Jámánì a tiẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kíkí láti Lomé sójú àwòrán, tí ẹni tí ó rà á kò ní ju pé kó fọwọ́ sí i lọ. Àwọn ènìyàn tí ó wà nínú àwòrán náà kò ní orúkọ. Ìyálọ́jà tí ó jókòó ti igbá rẹ̀, ọkùnrin tí ó dúró pẹ̀lú ìlù, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń wo ẹ̀rọ fọ́tò, gbogbo wọn di àpẹẹrẹ ẹ̀yà kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan nínú káàdì náà tilẹ̀ fi àwọn ọ̀dọ́bìnrin hàn ní ìhòòhò fún ìgbádùn ojú àjèjì, irú èyí tí kò yẹ kí olùkójọ Yorùbá máa gbé kiri bí ohun ẹ̀ṣọ́.

Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń pè ní Museum of Fine Arts ní Boston gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ póòsìkáàdì tí Leonard A. Lauder kó jọ, tí àwọn ti Áfíríkà wà lára wọn, Christraud Geary sì gbé ìwé ńlá jáde ní 2018 lórí àwọn ayafọ́tò Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn káàdì wọ̀nyí. Lórí ìkànnì Delcampe, tí ó wà ní Belgium, ọjà káàdì Dahomey àti Tógò kì í tán. Èyí fi hàn pé apá yìí nínú ìtàn náà ti rí ẹni tọ́jú rẹ̀.

Apá kejì, tí í ṣe káàdì tí àwọn Yorùbá fúnra wọn kọ, kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó pọ̀ jù nígbà kan. Àwọn Sàró àti Àgùdà, èyíinì ni àwọn tí ó padà wálé láti Sierra Leone àti Brazil, ti ń ṣe Kérésìmesì ní Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ káàdì di ti gbogbo ènìyàn ni ìmọ̀ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955. Nígbà tí àwọn ọmọ tí ó jàǹfààní rẹ̀ fi máa di olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá, tí wọ́n sì gbé wọn lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, káàdì ni wọ́n fi ń kí ilé. Àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń kọ̀wé wálé, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀ ní 1925, ti ṣáájú. Nígbà tí owó epo dé ní ọdún 1970 sí 1979, títa káàdì di òwò ńlá ní Ìdúmọ̀tà, Balógun àti Òṣòdì, tí àwọn ọmọdé a máa to káàdì sórí páálí tàbí kí wọ́n fi ìwọ̀ gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti oṣù Kọkànlá. Ní pálọ̀ àwọn tí ó gbajúmọ̀, wọn a na okùn láti igun kan dé èkejì, wọn a sì fi káàdì kọ́ sórí rẹ̀, kí àlejò tí ó bá wọlé lè rí iye ènìyàn tí ó rántí baálé náà.

Àwòrán tí ó wà lára káàdì wọ̀nyí kò bá ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí mu ní ìbẹ̀rẹ̀. Yìnyín, igi ahóyaya àti ẹyẹ aláyàpupa ni wọ́n ń fi kí ẹni tí ń gbé nínú ọyẹ́ àti eruku. Nígbà tí ó yá ni àwọn atẹ̀wé abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù, igi ọ̀pẹ àti ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn rọ́pò wọn, tí káàdì Iléyá àti Ìtúnu Àwẹ̀ sì gbé òṣùpá, mọ́ṣáláṣí, Kaaba tàbí àgbò wá. Kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú káàdì oníyìnyín nítorí èyí, nítorí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó jẹ́ tiwa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ máa ń jẹ́ ewì Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ó ti rí i pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fi bírò kọ ọ́ pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ọ̀pọ̀ ọdún ni a ó ṣe láyé, tí yóò sì béèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sọ pé aṣọ tí òun ṣèlérí ń bọ̀ lọ́wọ́ lágbájá, tí yóò sì wá fọwọ́ sí i ní orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà: Ìyá Bísí àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ara, owó ilé-ìwé, ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó papòdà, gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọlé sí àyè kékeré náà. Kò sí ìwé ìtàn tí ó ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn àpòòwé náà tún ní ohun tí a lè kọ́ níbẹ̀. Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe gbogbo ilé ní Èkó ni apínlẹ́tà ń dé, ọ̀pọ̀ káàdì ni a ń kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tí ó ní àpótí ìfìwéránṣẹ́: ilé-ìwé kan, ìjọ kan, ilé-iṣẹ́ rélùwéè, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tí ó bá kó ogójì àpòòwé ilé kan jọ lè mọ ibi tí baálé ilé náà ti ṣiṣẹ́, ìgbà tí ó kúrò níbẹ̀, ìjọ tí ó ń lọ, àti ìgbà tí ó kó kúrò ní Muṣin wá sí ilé ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àṣìṣe ńlá láti ju àpòòwé nù, kí a sì pa káàdì mọ́. Àṣìṣe tí ó tún burú jù ú lọ ni ti àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń kó sítáǹpù jọ láyé ijọ́un, tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé igun àpòòwé tàbí tí wọ́n rẹ káàdì sínú omi kí sítáǹpù lè ṣí, tí ọjọ́ àti ìlú tí ó wà lára òǹtẹ̀ sì bá a lọ.

Nípa sítáǹpù àti òǹtẹ̀ ni a fi ń mọ ọjọ́ orí káàdì tí kò sí déètì lára rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni ó sì dùn jù nínú gbogbo ohun tí olùkójọ ń ṣe. Sítáǹpù tí ó gbé orúkọ Lagos nìkan kò kọjá 1906, ọdún tí wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria. Èyí tí ó gbé orúkọ Southern Nigeria dópin ní 1914, lẹ́yìn náà ni ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Bí iye owó tí ó wà lára sítáǹpù bá jẹ́ pẹ́ńsì tàbí ṣílè, ó ti ṣáájú oṣù Kìíní 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀, ó ti kọjá ìgbà náà. Ti káàdì Iléyá ní ọgbọ́n tirẹ̀, nítorí pé ọdún náà ń tẹ̀lé òṣùpá, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún, tí kò ní padà sí àkókò kan náà títí tí nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fi kọjá. Bí òǹtẹ̀ tí kò hàn dáadáa bá fi hàn pé ìparí oṣù Kẹsàn-án ni a fi káàdì Iléyá ránṣẹ́, tí ọdún rẹ̀ sì ti parẹ́, ìparí oṣù náà ni Iléyá bọ́ sí ní 1982, ó tún bọ́ síbẹ̀ ní 2015. Sítáǹpù, irú páálí àti ọwọ́ ìkọ̀wé yóò sì sọ èwo nínú méjèèjì ni. Káàdì Kérésìmesì kò lè fúnni ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà kan tún wà tí àwọn olùkójọ kì í sábà kà mọ́ káàdì, tí ó sì yẹ kí ó wà lókè pátápátá. Àwọn ayafọ́tò wa a máa tẹ fọ́tò sórí pépà tí ó tó póòsìkáàdì, tí ìwọ̀n náà sì ń jẹ́ póòsìkáàdì nílé fọ́tò títí dòní. Ní àkókò ọdún, àwọn òbí a wọ aṣọ ọdún fún àwọn ọmọ, wọn a kó wọn lọ sílé fọ́tò, ayafọ́tò a sì fi ọ̀rọ̀ ìkíni ọdún yí àwòrán wọn ká, tí wọn a fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà lóko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó ti rí òǹtẹ̀ ilé fọ́tò náà pẹ̀lú orúkọ òpópónà. Nínú irú káàdì yìí, ẹni tí ó wà nínú àwòrán, ẹni tí ó yà á, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á ni a mọ̀ lórúkọ, èyí tí ó jẹ́ òdì kejì gbogbo ohun tí káàdì ayé amúnisìn ṣe sí àwọn baba ńlá wa.

Káàdì fífi ránṣẹ́ kò dédé parẹ́. Ní 1985 ni wọ́n ya iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kúrò lára iṣẹ́ tẹlifóònù, tí NIPOST, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, sì dá dúró. Lákòókò náà, ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní nínú ìfìwéránṣẹ́ ti ń dínkù, wọ́n sì ń fi káàdì rán awakọ̀ àti èrò ọkọ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, àtẹ̀jíṣẹ́ gba ipò káàdì láàárín ọdún mélòó kan, WhatsApp sì parí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn olóṣèlú nìkan ni wọ́n ṣì ń tẹ káàdì lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì ń fi kàlẹ́ńdà kún un.

Ọ̀rọ̀ náà kan Alímọ̀ṣọ́ ní pàtàkì nítorí irú ibi tí ó jẹ́. Ìkànìyàn 2006 fi iye ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ náà sí 1,277,714, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó tó o ní Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé ibẹ̀ ni ó ra ilẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ igbó, tí wọ́n kó kúrò nínú ilé àháyà ní Èkó Ìsàlẹ̀, Muṣin tàbí Sùúrùlérè, tí wọ́n sì gbé àpótí wọn dání. Inú àpótí yẹn, láàárín ojú ewé Bíbélì tàbí Kùránì, nínú álíbọ́ọ̀mù fọ́tò àti báàgì Ghana-must-go lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ni káàdì ogójì ọdún wà. Àwọn onílé náà ti dàgbà báyìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn ọmọ a pín ilẹ̀, ilé àti aṣọ, ẹni kan kì í sì í béèrè ìwé. Àwọn ìwé a di ohun tí wọ́n ń kó fún ọkọ̀ akólẹ̀, a sì dé ààtàn ńlá Solous ní Ìgàndó, àyàfi èyí tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń fi pépà di ẹ̀pà tàbí àkàrà.

Nípa ìtọ́jú, ọ̀rinrin, ikán, aáyán àti oòrùn ni ọ̀tá káàdì ní Èkó. Ibi tí ó ga kúrò nílẹ̀, tí kò sì fara ti ògiri ìta, ni ó yẹ kí a gbé e sí, nínú páálí tí kò ní ásíìdì, tàbí nínú àpò ọ̀rá tí a fi pọ́líẹ́sítà ṣe. Ọ̀rá PVC rírọ̀, irú èyí tí ó kún inú àwọn álíbọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú, ń tú ohun tí ó ń ba àwọ̀ àti pépà jẹ́ jáde, a sì máa lẹ̀ mọ́ fọ́tò nígbà ooru. Séló-téèpù kò gbọ̀dọ̀ kan káàdì rárá. Bírò náà kò dára fún kíkọ àkíyèsí sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí a lò. Kánfọ̀ tí àwọn ìyá wa ń fi sínú àpótí aṣọ lè lé kòkòrò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fara kan káàdì. Lẹ́yìn náà, kí a fi fóònù ya ojú, inú, ẹ̀yìn àti àpòòwé, nítorí ẹni tí ó ya ojú nìkan ti fi ìdajì sílẹ̀.

Ọ̀ràn àṣírí kò ṣeé fojú fò dá. Káàdì ní ọ̀rọ̀ gbèsè, àìsàn àti ìjà ẹbí nínú, àwọn tí ó kọ ọ́ kò sì kọ ọ́ fún ìgboro. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí olùkójọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹbí, kí ó gbà kí wọ́n yọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ yọ, kí ó sì fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Rírà á ní kílò lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣa ìdọ̀tí sàn ju kí ó jóná lọ, ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀nà yẹn, orúkọ ti sọnù. Ilé Ìṣúra Ìwé Orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn àti Ilé John Randle fún Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ní Oníkan jẹ́ ibi tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sí bí ó bá ti ní àlàyé tí ó péye, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣeé ṣe láti Oníkan. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí àti àwọn olùkọ́ ìtàn ní Ìkọ̀tún-Ìgàndó àti Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n mọ ilé tí àgbà wà, tí wọ́n sì lè jókòó tì í kí ó máa ka káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ ẹni tí Ìyá Bísí í ṣe, ìlú tí ó ń gbé nígbà náà àti bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà káàdì náà.

Ní ti káàdì àwọn olóṣèlú àti ti ilé iṣẹ́, tí àwọn kan kò kà sí nítorí pé kò ní ìfẹ́ nínú, ó yẹ kí a kó wọn mọ́ra. Orúkọ, ipò àti ọdún máa ń wà lára wọn ní títẹ̀, wọ́n sì lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan náà. Àwọn ni wọ́n tún jẹ́ káàdì tí ó kẹ́yìn jù lọ ní ọ̀pọ̀ ilé, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá parí sí nínú àpótí ni a ti lè mọ ọdún tí ilé náà dẹ́kun gbígba káàdì.